Nokdu Flower àti Mr. Sunshine: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nínú eré ìtàn Kòríà méjèèjì yìí?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àbúrò mi tó ń wo eré Kòríà kì í yé bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí àwọn mẹ̀kúnnù ti dìde sí àwọn Jàpáánù yẹn, èwo ni kí n wò?" Eré méjì ló máa ń wà lọ́kàn wọn. Ọ̀kan ni Nokdu Flower, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n SBS gbé jáde láti oṣù kẹrin sí oṣù keje ọdún 2019. Èkejì ni Mr. Sunshine, tí tvN gbé jáde láti oṣù keje sí ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, tí Netflix sì gbé dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Méjèèjì ń sọ bí Jàpáánù ṣe fi ẹsẹ̀ kan wọ ilẹ̀ Kòríà, tó fi èkejì tẹ̀ lé e, títí tó fi lé onílé sí ìta. Méjèèjì sì ń sọ ìtàn àwọn tó ní àwọn kò gbà. Torí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá ti wo ọ̀kan ti wo èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nínú Nokdu Flower, àgbẹ̀ ló wà láàárín àwòrán. Òun ló ń gbèrò, òun ló ń ṣàṣìṣe, òun náà ló ń kú. Nínú Mr. Sunshine, ìfẹ́ ọkùnrin mẹ́ta sí obìnrin kan ló wà láàárín. Àwọn mẹ̀kúnnù tó ń jà wà lẹ́yìn wọn, bí onílù tí à ń gbọ́ ìlù rẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ojú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ yòókù ti ń yọ.

Gobu, ọdún 1894

Ibi tí Nokdu Flower ti bẹ̀rẹ̀ ni Gobu, ìlú àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní agbègbè Jeolla, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Kòríà. Ọba ti fi ajẹ́lẹ̀ kan sí wọn lórí tó ń jẹ́ Jo Byeong-gap. Ẹni gidi ni, kì í ṣe àròsọ òǹkọ̀wé. Ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ pé kí wọ́n wá mọ ìsédò kan tí wọ́n ń pè ní Manseokbo, kò sì sanwó iṣẹ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n mọ ọ́n tán, ó ní kí wọ́n máa san owó omi. Ó bu owó lé wọn láti fi gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún bàbá tirẹ̀. Ẹni tó bá ní díẹ̀ lọ́wọ́, ó lè fẹ̀sùn kàn án pé kò tọ́jú òbí rẹ̀ bó ṣe yẹ, kó sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó lọ bẹ̀ ẹ́ jẹ ẹgba. Bàbá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeon Bong-jun wà lára àwọn tí wọ́n lù, lílù yẹn ló sì pa á. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Àgbẹ̀kọ̀yà lẹ́nu àwọn àgbà Ìbàdàn, bí owó orí ṣe di ogun ní 1968 sí 1969, kò ní pẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Gobu ń lọ.

Jeon Bong-jun yìí ló di olórí ogun. Ọkùnrin kúkúrú ni, wọ́n sì ń pè é ní Nokdu, orúkọ irú ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé kan. Orin kan wà tí wọ́n ṣì ń kọ ní Kòríà títí dòní, tó ń bẹ ẹyẹ pé kó má ṣe bà sínú oko nokdu, torí bí òdòdó nokdu bá já bọ́, ẹni tó ń fi nokdu ṣe oúnjẹ tà á sunkún. Bí ẹ bá ti mọ ẹni tí òdòdó náà jẹ́, orúkọ eré náà nìkan á ti máa dùn yín lọ́kàn kí ẹ tó wo ohunkóhun.

Ẹ̀sìn kan ló so àwọn àgbẹ̀ náà pọ̀. Donghak ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ẹ̀kọ́ Ìlà-Oòrùn. Choe Je-u ló dá a sílẹ̀ ní 1860, ìjọba sì pa á ní 1864. Ó kọ́ wọn pé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ló gbé Ọlọ́run sínú ara rẹ̀. Kò fi ẹnu lásán sọ ọ́: ó dá ẹrúbìnrin rẹ̀ méjì sílẹ̀, ó fi ọ̀kan ṣe ọmọ, ó fi èkejì ṣe aya ọmọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bí ọmọ sí oko ẹrú, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó ogun.

Ọgbọ́n àwọn àgbẹ̀ yìí máa ń yà mí lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mulẹ̀, wọ́n kọ orúkọ wọn yí ẹnu abọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ìwé ká, kí ẹni tí ìwé náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ má lè mọ ẹni tó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n péjọ sí òkè Baeksan, àwọn ènìyàn sọ pé bí wọ́n bá dìde, òkè náà á funfun nítorí aṣọ wọn; bí wọ́n bá jókòó, á di igbó ọparun nítorí ọ̀kọ̀ ọwọ́ wọn. Létí odò Hwangryong, wọ́n hun ọparun bí àgò adìẹ ńlá, wọ́n kó koríko sínú rẹ̀, wọ́n ń yí i lọ níwájú kí ọta ìbọn máa há sínú ibẹ̀. Àwọn mìíràn so ìwé ayẹta mọ́ ara. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1894, wọ́n gba Jeonju, olú ìlú agbègbè náà, tó tún jẹ́ orírun ìdílé ọba. Àwọn àgbẹ̀ tó jẹ́ pé ìbọn ṣakabùlà àti ọparun tí wọ́n ṣọ́n lẹ́nu ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn!

Ìgbà yẹn ni ọba ṣe ohun tó ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ó ránṣẹ́ sí Ṣáínà pé kí wọ́n wá bá òun pa iná náà. Ṣáínà wá. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà láàárín Ṣáínà àti Jàpáánù láti 1885 pé bí ẹnì kan bá fẹ́ kó ọmọ ogun wọ Kòríà, kó sọ fún ẹnì kejì. Jàpáánù náà wá, kò sì lọ mọ́. Àwọn àgbẹ̀ rí ewu náà, wọ́n bá ìjọba ṣàdéhùn, wọ́n kúrò ní Jeonju, wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ káàkiri Jeolla níbi tí wọ́n ti ń fúnra wọn dájọ́, tí wọ́n ń bójú tó ìlú. Ó bọ́ sórí asán. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù keje, àwọn ọmọ ogun Jàpáánù wọ ààfin, wọ́n gbá ọba mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá eré tó jẹ́ pé Jàpáánù ni ọ̀tá láti apá kìn-ín-ní, ẹ gbọ́ o: Nokdu Flower ò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́ ìjà pẹ̀lú ajẹ́lẹ̀, akọ̀wé ìlú àti àwọn ọ̀tọ̀kùlú tí wọ́n ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú àgbẹ̀. Ó pẹ́ kí Jàpáánù tó wá di ọ̀tá gan-an. Àwọn kan fi í sílẹ̀ nítorí èyí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, torí ẹ máa mọ ohun tí àwọn ènìyàn yìí ti jà fún kí ẹ tó rí i tí àjèjì ń gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọbàkan méjì

Orí ọbàkan méjì ni Nokdu Flower gbé ìtàn rẹ̀ lé. Bàbá wọn, Baek Man-deuk, jẹ́ akọ̀wé ìlú tó ń bá àwọn ajẹ́lẹ̀ fún àgbẹ̀ bí ẹni fún ọsàn. Baek Yi-kang, tí Jo Jung-suk ṣe, ni àgbà, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ilé ló bí i. Òun ni bàbá ń rán láti lọ na àwọn ajẹgbèsè. Baek Yi-hyun, tí Yoon Shi-yoon ṣe, ni àbúrò, ọmọ ìyáálé. Wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Jàpáánù, ó sì padà wá pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọ̀làjú ló máa gba orílẹ̀-èdè òun là.

Ará Gobu kì í fi orúkọ pe Yi-kang. "Geosigi" ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Jeolla ni, tí ènìyàn máa ń lò nígbà tí orúkọ ohun kan kò bá tètè wá sẹ́nu, bí a ṣe ń sọ pé "kiní yẹn" tàbí "kiní ọ̀hún". Ẹ rò ó wò: ọmọ ènìyàn tí gbogbo ìlú ń pè ní Kiní. Bí Kiní ṣe di ẹni tó ní orúkọ ni mo ka sí ìtàn tòótọ́ inú eré náà. Mi ò ní sọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ gba ọ̀nà òdìkejì. Ìwà tí ọ̀tọ̀kùlú kan tó fọkàn tán hù sí i ló ṣí ilẹ̀kùn, ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbọ́ pé ohun rere lè ti ẹnu ìbọn Jàpáánù jáde. Mo bá a jà lọ́kàn mi títí, síbẹ̀ mo mọ ọ̀dọ́ tó dà bí i. Lápá tó kẹ́yìn, ó ṣe mí bí ẹni pé òǹkọ̀wé fi ipá tì í jù, àwọn ìpinnu kan ń yára ju bí ọkàn ènìyàn ṣe ń yí lọ. Àléébù ni, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú eré méjèèjì ni Song Ja-in, oníṣòwò ará Jeonju tí Han Ye-ri ṣe. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olórí nínú àwọn alárìnkà tó ń ru ẹrù láti ọjà dé ọjà. Ìrẹsì ló wá rà ní Gobu, èrè ló ń wá, kò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun mìíràn yàtọ̀ sí owó, àmọ́ kò yé jẹ́ oníṣòwò. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ta ọjà ní Gbági tàbí ní Dùgbẹ̀ á mọ obìnrin yìí kó tó lajú sí i dáadáa: bó ṣe ń wo ojú oníbàárà, bó ṣe ń dákẹ́ kó tó dá iye lé ọjà.

Mr. Sunshine: ẹwà àti ìfẹ́

Ní 1871, àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kọlu erékùṣù Ganghwa. Ibẹ̀ ni Mr. Sunshine ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sóko ẹrú rí bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe kú nítorí ìkà olówó wọn, ó sá, ó bá ọkọ̀ òkun dé Amẹ́ríkà, ó sì padà sí Kòríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Eugene Choi ni orúkọ rẹ̀, Lee Byung-hun ló ṣe é. Ìlú tó kọ̀ ọ́ ló padà sí. Ó wọ aṣọ ìlú mìíràn, kò sì ní ìdí kankan láti nífẹ̀ẹ́ Kòríà.

Go Ae-shin, tí Kim Tae-ri ṣe, ló fún un ní ìdí yẹn. Ọmọ ọ̀tọ̀kùlú ni, wọ́n ń fi ìjòkòó-agbérù gbé e kiri lọ́sàn-án, lóru ó ń fò lórí òrùlé pẹ̀lú ìbọn. Ọdẹ kan ló kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn. Ọkùnrin méjì mìíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀: Kim Hui-seong, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ olówó tí ẹ̀ṣẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ń tẹ̀ lé, àti Goo Dong-mae, ọmọ alápatà. Níbí, ó yẹ kí n dúró díẹ̀. Nílẹ̀ wa, alápatà lè là, kó sì jẹ oyè láàárín ìlú. Ní Kòríà ìgbà yẹn, ìran àwọn alápatà ni wọ́n kà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ọmọdé lè tutọ́ sí wọn lára. Bí ẹ kò bá mọ èyí, ẹ kò ní lóye ìdí tí Dong-mae fi lọ sí Jàpáánù, tó sì padà wá pẹ̀lú idà láti máa ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń ba ìlú rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí eré náà ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Kòríà kan bínú pé wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ Jàpáánù kan tó wà lóòótọ́ nínú ìtàn, pé ó dà bí ẹni ń fọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹgbẹ́ náà mọ́. Àwọn tó ṣe eré náà sì yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí ti àròsọ. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Lójú àwòrán, Mr. Sunshine ju Nokdu Flower lọ fíìfíì. Kí n má purọ́. Òjò dídì, iná mànàmáná tó kọ́kọ́ tàn ní ìgboro, ilé ìtura ọ̀dọ́bìnrin opó tó ń jẹ́ Hina, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe bí ẹni ń kun àwòrán. Kim Eun-sook ló kọ ọ́, Lee Eung-bok ló darí rẹ̀, àwọn méjèèjì mọ bí wọ́n ṣe ń mú omi jáde lójú ènìyàn. Apá tó kẹ́yìn fa ènìyàn tó lé ní ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ní Kòríà, èyí tó ga gidigidi fún ìkànnì tí kì í ṣe ti gbogbo ilé.

Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni bí ó ṣe ń pẹ́ kó tó padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù tó ń jà. Wọ́n wà níbẹ̀: amọ̀kòkò tó ń fi iléeṣẹ́ rẹ̀ bo ohun ìjà mọ́lẹ̀, ọdẹ, ìránṣẹ́ ilé. Bí kámẹ́rà bá ti dúró tì wọ́n, eré náà á ga sókè. Ó tún máa ń yà kúrò kó lọ wo Eugene àti Ae-shin tí wọ́n ń wo ara wọn. Lee Byung-hun fi 20 ọdún ju Kim Tae-ri lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Èmi náà kò rí i gbà dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ní iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà gan bí igi gbígbẹ. Ẹ fara dà á.

Èwo ló sún mọ́ òótọ́ jù?

Nokdu Flower ni. Àwọn ọbàkan náà àti Ja-in jẹ́ àròsọ, ṣùgbọ́n Jeon Bong-jun, tí Choi Moo-sung ṣe pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ tó wúwo, ajẹ́lẹ̀ Gobu, àwọn ọ̀gágun àgbẹ̀ bíi Kim Gae-nam àti Son Hwa-jung, ogun kọ̀ọ̀kan àti ọ̀nà tó gbà lọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀. Nínú Mr. Sunshine, ìtàn gidi wà bí ògiri lẹ́yìn: àdéhùn 1905 tó gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kúrò lọ́wọ́ Kòríà, yíyọ Ọba Gojong lórí oyè ní 1907, títú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ká ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Àwọn tó ń rìn níwájú ògiri náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àròsọ tán. Kódà ọ̀dàlẹ̀ ńlá inú rẹ̀, Lee Wan-ik, orúkọ rẹ̀ kàn jọ ti Yi Wan-yong tó fọwọ́ sí ìwé tó fi Kòríà lé Jàpáánù lọ́wọ́ ní 1910 ni.

Ogun Ugeumchi ló sọ mí di ẹni tó ń bá àwọn ènìyàn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣẹlẹ̀ nítòsí Gongju ní ìparí 1894. Àwọn àgbẹ̀ gun òkè náà léraléra, àwọn ọmọ ogun ìjọba àti ti Jàpáánù dúró lókè pẹ̀lú ìbọn ìgbàlódé. Nígbà tí wọ́n wá ń fọ̀rọ̀ wá Jeon Bong-jun lẹ́nu wò lẹ́yìn tí wọ́n mú un, ó ṣírò rẹ̀ fún wọn: lẹ́yìn ìjà méjì, nínú 10,000 ó lé, 3,000 ló kù, lẹ́yìn ìjà méjì mìíràn, 500. Ìṣirò yẹn ni Nokdu Flower fi hàn yín, kò sáré kọjá rẹ̀. Mo wò ó ní alẹ́ ọjọ́ kan, mi ò lè jẹun mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin tó ti wà ní abẹ́ Jeon Bong-jun rí ló tú u fó, wọ́n so ó kọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1895. Jo Byeong-gap, ajẹ́lẹ̀ tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n lé e jáde nílùú, wọ́n tún dárí jì í, ó sì padà di adájọ́. Ó wà lára àwọn tó dájọ́ ikú fún Choe Si-hyeong, olórí kejì ẹ̀sìn Donghak, ní 1898.

Ó pẹ́ gan-an kí ìjọba Kòríà tó fún àwọn àgbẹ̀ yìí ní ọjọ́ tiwọn. Ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún ni wọ́n yàn, ọjọ́ tí wọ́n borí ní Hwangtojae. Ọdún 2019, tí eré náà ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ní 2023, UNESCO gba àwọn ìwé ìgbà náà sínú àkójọ ìrántí ayé rẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ yàn lónìí

Wákàtí tí ẹ máa lò lórí méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Apá 24 ni Mr. Sunshine ní, púpọ̀ nínú wọn ju wákàtí kan lọ. Apá 48 ni wọ́n pín Nokdu Flower sí, ṣùgbọ́n apá kékeré ni, méjì méjì ni wọ́n ń gbé e jáde lálẹ́ kan. Ẹni tó ń wo nǹkan nínú ọkọ̀ tàbí kó tó sùn á gbádùn ti Nokdu Flower jù. Mr. Sunshine ló rọrùn jù láti rí, torí Netflix ni.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó pẹ̀lú ẹni tí kì í ka àkọlé ìsàlẹ̀ dáadáa, ẹ mú Mr. Sunshine. Ìyá mi wo ó láìka ohunkóhun, ojú àwọn òṣèré sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì ń bi mí ohun tó kù. Nokdu Flower kò ṣe é wò bẹ́ẹ̀. Láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ ààfin pọ̀: bàbá ọba, olorì, àwọn aṣojú Jàpáánù, ta ló wà lẹ́yìn ta. Èmi fi bírò kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan. Ohun kan sì wà tí àkọlé ìsàlẹ̀ ò lè gbé: èdè àdúgbò Jeolla tí Yi-kang ń sọ. Ẹ tẹ́tí sí i, ẹ máa gbọ́ pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ará ààfin, bí ohùn ará Èkìtì ṣe yàtọ̀ sí ti ará Ọ̀yọ́.

Fún ọmọdé, kò sí èyí tí mo lè fọwọ́ sí nínú méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ti Nokdu Flower sì pọ̀ jù.

Ẹni tó kàn fẹ́ ìtàn ìfẹ́ tó máa pa á lẹ́kún kó bá Mr. Sunshine lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú u. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìdìde àwọn àgbẹ̀ lẹ fẹ́ rí, bí ebi àti owó orí ṣe ń di ogun, bí ẹni tí kò mọ ìwé ṣe ń dá ìlú ṣe, kò sí ìdí láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì: Nokdu Flower ni.

Ẹni tó ní àyè fún méjèèjì, kó bẹ̀rẹ̀ látorí Nokdu Flower. Kì í ṣe nítorí ọdún nìkan. Lẹ́yìn 1894, ọ̀pọ̀ ọ̀tọ̀kùlú tó wá gbé ìbọn sí Jàpáánù ti kọ́kọ́ gbé e sí àgbẹ̀. An Jung-geun, tó pa Itō Hirobumi ní Harbin ní 1909, tí gbogbo Kòríà ń bọlá fún, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó wà nínú ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ kó jọ láti bá àwọn Donghak jà. Kim Gu, tó padà di olórí ìjọba Kòríà tó wà nílẹ̀ òkèèrè, ọ̀dọ́ tó ń ṣáájú Donghak ni nígbà náà, ní agbègbè kan náà. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ojú tí ẹ máa fi wo Go Ae-shin àti bàbá bàbá rẹ̀ tí gbogbo ìlú ń tẹrí ba fún á yàtọ̀. Ẹ máa béèrè ibi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà nígbà Ugeumchi.

Eré kọ̀ọ̀kan ń rìn lọ sí ìdí fọ́tò kan tó wà lóòótọ́. Ti Mr. Sunshine ni èyí tí F. A. McKenzie, akọ̀ròyìn ọmọ Kánádà, yà ní 1907: àwọn ọkùnrin díẹ̀ nínú igbó, aṣọ wọn ò bára mu, ìbọn wọn ò bára mu, ọ̀dọ́mọdé kan wà láàárín wọn. Ọ̀kan nínú irú wọn sọ fún un pé ó sàn kí àwọn kú bí ọmọlúwàbí tó dá dúró ju kí àwọn wà láàyè bí ẹrú Jàpáánù. Ti Nokdu Flower ni ti Jeon Bong-jun ní 1895. Wọ́n gbé e sórí àga ìgbérù torí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fara gbọgbẹ́, àwọn tó mú un dúró yí i ká. Ará Jàpáánù ló ń ya fọ́tò náà. Ọkùnrin kúkúrú náà gbé orí sókè, ó sì tẹjú mọ́ ọn.